Wọ́n Ní Ilé Wa Kò Ní Ilẹ̀

Oko Nordli,
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kọkànlá.

Ingvill, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí Eldar ọmọ ọwọ́ rẹ, mo kí bàbá rẹ̀, mo sì kí màmá arúgbó ìsàlẹ̀ ilé yín tó máa ń bá ọ gba lẹ́tà mi. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ṣé eyín Eldar ti yọ? Yìnyín ìlú Oslo kò ní yọ̀ ọ́ ṣubú, ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ kò ní fi ojú burúkú wò ọ́, oorun ọmọ rẹ yóò gùn ju ẹkún rẹ̀ lọ. Àmín. Tí o bá fẹ́ gbọ́ tiwa, ara wa le, àgùntàn mẹ́rìnlélógún ló kù lẹ́yìn tí a pa ti ọdún yìí tán, ológbò wa náà ṣì wà láàyè, ìdí tí mo fi ní ó ṣì wà láàyè ni mo máa tó kọ síbí. Èmi náà wà, àní mo wà gan-an ni. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mí, ìyàwó ọ̀ṣìngín sì ni mí, ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án géérégé ni òní tí èmi àti Sjur fọwọ́ sí ìwé ní gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀, bí mo bá sì jí láàárọ̀ tí mo gbọ́ tó ń bu omi sínú ìkòkò kọfí, ẹ̀rín ni mo fi ń wá bàtà mi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mo mọ̀ pé o ní kí n máa fi tẹlifóònù kọ̀wé sí ọ, pé ó yá ju lẹ́tà lọ. Ṣùgbọ́n tẹlifóònù yìí kò fẹ́ràn ọkọ mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti kọ Sjur, ó máa ń rò pé mo ṣì í kọ, á sì yí i padà sí aláìsàn, ohun tó fà á nìyẹn tí o fi rí i kà lọ́jọ́sí pé aláìsàn kí ọ, pé aláìsàn wà lẹ́yìnkùlé ó ń la igi, tí o fi sáré pè wá tí ohùn rẹ ń gbọ̀n. Bírò kì í ṣe ìlara ẹnikẹ́ni, òun ni mo fi kọ èyí.

Nígbà tí o pè wá yẹn, mo ní kí o gbé Eldar wá kí a jọ ṣe Kérésìmesì. O ní ilé wa tutù jù fún ọmọ oṣù márùn-ún, pé ènìyàn lè tẹ́ ẹran sílẹ̀ ní pálọ̀ Nordli kó má bàjẹ́. Òótọ́ ni. Lẹ́yìn náà ni o wá ní, n kò fi ṣe ìjà o, mo kàn ń rán ọ létí ni, o ní ọkùnrin tí kò ní ilẹ̀ kì í fẹ́ opó tó ní oko nítorí ẹyinjú rẹ̀, pé ilẹ̀ bàbá rẹ ni Sjur ń wá. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé tẹlifóònù náà ń sọ̀rọ̀ sókè ketekete lórí tábìlì, mo ti tẹ nǹkan kan lára rẹ̀ tí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ padà, Sjur sì jókòó síwájú mi, ó ń jẹ ẹran àgùntàn tí mo fi kábéèjì sè. Ó gbọ́ ọ látòkè délẹ̀. Ó jẹ ànàmọ́ rẹ̀ tán, ó fọ abọ́ rẹ̀, ó ní ẹran náà dùn. Ní ọjọ́ kejì ó wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú, ó sì gbé ẹ̀rọ amúlémóoru bọ̀. Ó ní òun kò ní ilẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òtútù kọ́ ni yóò dá ọmọ dúró.

Ara méjì ni ẹ̀rọ náà ní. Ọ̀kan wà níta lára ògiri, ó ń fẹ́ fùù bí akọ màlúù tó sáré dé. Ìkejì wà nínú pálọ̀ lókè ilẹ̀kùn, lábẹ́ ìwo àgbọ̀nrín tí bàbá rẹ kàn mọ́gi. A kò yọ ìwo náà, Sjur ní ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ni àyè. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé níbo ni ẹ̀rọ yìí ti ń rí ooru nígbà tí omi inú garawa ń di òkúta níta, ó ní nínú òtútù náà ni, pé ooru díẹ̀ díẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀rọ náà ló ń lọ kó o jọ. Ó yé mi kíá. Bí ìgbà tí a bá ń ṣa èso inú irà ni, kì í pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ á rí i. Ohun kan ló dààmú mi. Tí àwa bá ń ṣa ooru ìta tọ̀tún tòsì, kí ni yóò kù fún Oddny aládùúgbò wa? Mo yan kéèkì kan, mo gbé e lọ bá a, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáájú. Oddny ní òun kò tíì rí ìyàtọ̀ kankan ní ọ̀dọ̀ òun, ó sì gba kéèkì náà.

Ọ̀gbẹ́ni tó wá so páìpù ẹ̀rọ náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Nígbà tó ń kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó ní páìpù àti gáàsì ni iṣẹ́ tòun, wáyà kọ́, kí a má tíì tan ẹ̀rọ náà o, kí a pe oníṣẹ́ iná tó ní ìwé àṣẹ. Sjur ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Bí ọkọ̀ ọ̀gbẹ́ni náà ṣe ń yí kọ́nà báyìí ni Sjur gbé wáyà ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n jáde láti ilé ẹran. Ó ní ogójì ọdún ni òun fi ń bá àwọn olóko fi ẹ̀rọ iná fún wàrà, kí ló wà nínú wáyà tí òun kò tíì rí? Ó so ẹ̀rọ náà mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná tí a fi ń se kọfí, ẹ̀rọ sì dìde. Wáyà náà gùn jù, ogún mítà ni, ó ká jọ rẹpẹtẹ. Èmi ìyá rẹ tí mo fẹ́ràn kí ilé mọ́, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ òwú mi, mo sì fi ìborùn aláwọ̀ eérú mi bò ó kí àlejò má bàa rí i.

Ọjọ́ mẹ́fà ni ilé wa fi móoru bí abẹ́ ìyẹ́ adìẹ. Apẹ̀rẹ̀ náà pàápàá ń móoru. Mo rò pé àǹfààní ẹ̀rọ náà ni, pé ó pọ̀ débi tó ń dà sínú wáyà. Ológbò kò kúrò lórí rẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ ló ń jí. Ní ọjọ́ keje, Sunday ni, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo gbọ́ òórùn kan. Mo rò pé Sjur jẹ́ kí ògì ọkà jó mọ́ ìkòkò, n kò sọ̀rọ̀ nítorí ìyàwó tuntun kì í tètè bínú. Sjur náà rò pé kéèkì mi ló jó, òun náà kò sọ̀rọ̀. A ń rẹ́rìn-ín síra wa báyìí nígbà tí ológbò dìde, ó fo sílẹ̀, ó sì jáde. O mọ ológbò yẹn, kì í dìde fún eku. Sjur ṣí ìborùn náà. Wáyà ti yọ́ mọ́ra wọn bí àbẹ́là, ìborùn mi ti lẹ̀ mọ́ ọn, ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri sì dúdú bí ẹnu ọmọ tó jẹ èso igbó. Kò fọwọ́ kàn án, ó lọ yọ fíúsì ná. Lẹ́yìn náà ó jókòó. Mo bu kọfí fún un, mo bu fún ara mi. Kọfí náà gbóná dáadáa.

Sjur fi ṣíbí ro kọfí rẹ̀. Ó ní díẹ̀ ló kù kí òun dáná sun ilé Halvor. Mo ní bàbá Ingvill ti kú láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ilé kì í ṣe ti òkú, ti ẹni tí òtútù ń pa nínú rẹ̀ ni. Ó ní tí ọmọ bá wà nínú yàrá yẹn ńkọ́? Ó ní òun máa dá ẹ̀rọ náà padà, kí n má sọ fún Ingvill, pé yóò ní òun kúkú mọ̀. Mo ṣèlérí pé n kò ní sọ. N kò sì sọ, mò ń kọ ọ́ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo kọ fọ́ọ̀mù lórí kọ̀ǹpútà láti pe oníṣẹ́ iná. Wọ́n béèrè ohun tí kò kàn wọ́n, ṣùgbọ́n mo dáhùn, nítorí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n ran òun lọ́wọ́ kì í fi nǹkan pamọ́. Wọ́n ní ìpele mélòó ni ilé wa, ọ̀kan ni tàbí mẹ́ta? Mo kọ mẹ́ta. Mo ṣàlàyé rẹ̀ sísàlẹ̀ pé ìpele kìíní ni ti èmi àti Halvor, ìpele kejì ni ọdún mẹ́jọ tí mo fi dá wà, ìpele kẹta ni Sjur, òun ló sì dùn jù báyìí.

Ọjọ́rú ni oníṣẹ́ iná dé, obìnrin ni, Tordis lorúkọ rẹ̀, kò ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, pẹ́ńsùlù wà lẹ́yìn etí rẹ̀. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ó ní òun ti ka fọ́ọ̀mù Màmá fún gbogbo ará ọ́fíìsì, pé ìpele iná tí wọ́n ń pè ní féèsì ni wọ́n béèrè o, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí òun bá wọn kí ìpele kẹta. Ó ṣí àpótí fíúsì wa, ó súfèé. Ó wo sọ́kẹ́ẹ̀tì tó dúdú, ó ní ta ló ṣe iṣẹ́ yìí? Sjur wo àjà. Mo ní ológbò ni. Tordis ní kí ológbò yẹn lọ dúpẹ́, pé wáyà tí a ká jọ tí a tún daṣọ bò kò yàtọ̀ sí iná àdògán, kíká tí a ká a ló ń sè é. Ó ní ẹ̀rọ yìí kò gbọdọ̀ bá ìkòkò kọfí du sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, ó gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀.

Ojú Sjur là. Ó wọ kóòtù, ó mú ṣọ́bìrì, ó sì jáde. Nígbà tí a fi máa wo ojú fèrèsé, ó ti kó yìnyín kúrò láti géètì títí dé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà, ọ̀nà tó fẹ̀ tí katakata lè gbà. Tordis ní ọ̀nà yẹn dára púpọ̀, Bàbá, òun máa fi gbé irinṣẹ́ wọlé, ṣùgbọ́n ọ̀nà iná ni òun ń sọ, wáyà kan ṣoṣo láti inú àpótí lọ sára ẹ̀rọ tààrà, tí ẹlòmíràn kò ní bá a pín. Sjur ní kò burú, òun ṣe méjèèjì pọ̀ nìyẹn. Mo rí i pé Bàbá tí ó pè é yẹn wọ̀ ọ́ lára. Kò bímọ rí.

Ibẹ̀ ni nǹkan ti yí. Tordis mú irinṣẹ́ kékeré kan tó ní ẹnu méjì, ó fi kan sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ó wò ó, ó fi kan òmíràn, ó mi orí. Ó ní Màmá, ilé yín kò ní ilẹ̀.

Mo wo Sjur, Sjur sì ti pọ́n dé etí. Ó ní ta ló sọ fún un? Tordis ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun, irinṣẹ́ òun ló sọ ọ́. Sjur ní irinṣẹ́ wo ló lè wo ojú ènìyàn kó mọ ohun tí kò ní? Ó ní òun kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, òun gbé oko olóko, òun fún wàrà màlúù onímàlúù, ṣùgbọ́n ilé yìí ní ilẹ̀, ó ní ilẹ̀ láti etí odò títí dé ìdí igbó, ti Halvor ni, lẹ́yìn rẹ̀ ti ọmọ rẹ̀ ni, òun kò jí i. Tordis fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n Sjur ti jáde. Mo gbọ́ irin lórí òkúta yìnyín, gbà, gbà, gbà. Ó pẹ́. Nígbà tó padà wọlé, garawa ló gbé, ilẹ̀ oko ànàmọ́ ló kún inú rẹ̀, dúdú, ó dì gbagidi. Ó gbé e kalẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà. Ó ní ilẹ̀ nìyẹn, kó fi irinṣẹ́ rẹ̀ kàn án.

Ọmọ gidi ni Tordis, kò rẹ́rìn-ín. Ó lóṣòó, ó fọwọ́ kan ilẹ̀ náà, ó ní ilẹ̀ tó dára ni. Ó wá bẹ̀ mí pé kí n bu kọfí fún òun, ó sì fi Sjur jókòó. Ó ní iná dà bí ọmọ màlúù tó já okùn, ibi tí yóò sá lọ ni ilẹ̀, kò mọ ibòmíràn. Tí wáyà kan bá wà tó mú un lọ sínú ilẹ̀, yóò gba ibẹ̀ lọ jẹ́jẹ́. Tí kò bá sí, yóò dúró sára ẹ̀rọ, yóò máa retí, ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án ni yóò gba ara rẹ̀ kọjá. Ó ní wáyà yẹn ni àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní ilẹ̀, òun ni kò sí nínú ilé yìí, látìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ, kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni tó jókòó síbí.

Sjur béèrè pé ọmọ oṣù márùn-ún ńkọ́? Tordis ní ìyẹn gan-an ni wọ́n ń ṣe é fún, Bàbá. Sjur gbé ife kalẹ̀, ó ní òòlù wo ló máa lò?

Irin gígùn aláwọ̀ bàbà ni wọ́n kàn mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí yìnyín kò ti le púpọ̀. Tordis ló ń di irin mú, Sjur ló ń fi òòlù lù ú. Tordis ní ẹ lu irin o, Bàbá, ẹ má lu ọwọ́ mi, òun kò tíì rí ọkọ. Sjur ní kó má bẹ̀rù, ẹnì kan wà nínú ilé yìí tó rí ọkọ lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún. Nígbà tó wọlẹ̀ tán, Tordis wọ̀n ọ́n, ó ní kò tíì tó. Wọ́n kan òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó tún wọ̀n ọ́n, ó ní ó tó. Sjur ní kó jẹ́ kí òun wo nọ́ńbà náà, kò sì mọ ohun tí nọ́ńbà yẹ kó jẹ́, ṣùgbọ́n ó wò ó pẹ́, ó ní òun náà rí i pé ó tó. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti jáde lọ wò ó lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọjọ́ méjì ni Tordis fi ṣe iṣẹ́ náà. Ó fa wáyà ẹ̀rọ lọ́tọ̀, ó yọ àwọn fíúsì àtijọ́ dànù, ó fi bíréékà tuntun sí i, ó sì fi swíìṣì kan sára ògiri níta, kí ẹni tó bá fẹ́ tún ẹ̀rọ ṣe lè pa á ná. Sọ́kẹ́ẹ̀tì gbogbo ló ti ní ilẹ̀ báyìí. Bíréékà kan wà níbẹ̀ tó ní bọ́tìnnì, Tordis ní tí iná bá ṣìnà díẹ̀ báyìí, yóò fò kí ènìyàn tó pe yéè. Ó ní kí a máa tẹ bọ́tìnnì náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọdún láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Sjur ń tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀. Gbogbo ilé á ṣókùnkùn, rédíò mi á dákẹ́ láàárín ìròyìn, Sjur á sì ké láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́. N kò mọ ohun tí ń lọ lórílẹ̀-èdè yìí mọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀.

Ẹ̀rọ amúlémóoru náà tún wọ inú tẹlifóònù mi, Tordis ló so wọ́n pọ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé mo gbà kí òun mọ ibi tí mo wà. Mo ní mo wà ní ilé ìdáná. Kò dáhùn, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ibẹ̀ móoru.

Ọ̀rọ̀ tí mo torí rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí ló kù. Nígbà tí Tordis parí, ó fún wa ní ìwé kan. Wọ́n kọ Ìkéde Ìbámu gàdàgbà sí òkè rẹ̀. Ó ní ohun tí a so pọ̀ ní ilé yìí bá òfin mu, kò sì léwu fún ènìyàn, fún ẹran ọ̀sìn àti fún dúkìá. Ingvill, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, omi bọ́ lójú mi. Ìwé tí wọ́n fún wa ní gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀ kò sọ tó bẹ́ẹ̀, orúkọ àti ọjọ́ ni wọ́n kàn kọ, kò sẹ́ni tó fi dá wa lójú pé a kò léwu. Mo pe Sjur. Ó fọ ọwọ́, ó wọ kóòtù ìgbéyàwó, a sì fọwọ́ sí i, èmi lókè, òun nísàlẹ̀ mi. Tordis ní háà, Màmá, èmi ni mo ń fọwọ́ sí ìyẹn, wáyà ni mo so pọ̀, ẹ̀yin kọ́. Mo ní kó má tijú, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó wò mí, ó wo Sjur nínú kóòtù, ó ní kò burú, kò ba nǹkan kan jẹ́. Ó ní kí a tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí bíréékà, kí ẹni tó máa ni ilé yìí lẹ́yìn wa lè rí i.

Sjur ní Ingvill nìyẹn. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kò gbé orí sókè, ó ń de bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀. Ó ní kí a fi àyè sílẹ̀ fún un.

Nítorí náà àyè kan wà nísàlẹ̀ orúkọ ọkọ mi, n kò kọ nǹkan kan síbẹ̀. N kò ní kí o pè é ní bàbá, o ní bàbá, ìwo àgbọ̀nrín rẹ̀ ṣì wà lára ògiri. Pè é ní Sjur, ó tó. Garawa ilẹ̀ náà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti yọ́, kò sẹ́ni tó fẹ́ dà á nù nínú àwa méjèèjì, mo wá ri òdòdó Kérésìmesì sínú rẹ̀. Ó ti ń hù.

Owó kọfí tí o máa ń fi ránṣẹ́ sí mi lóṣooṣù, jọ̀wọ́ má fi ti oṣù tó ń bọ̀ ránṣẹ́. Fi ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin fún ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tí ó bá ṣẹ́ kù, bá mi ra òwú aláwọ̀ eérú, o mọ ohun tó ṣe ìborùn mi. Tí kò bá ṣẹ́ kù, ẹ máa bọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọlọ́run tó mú ológbò dìde ní Sunday yẹn kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Ohun tí o bá fọwọ́ kàn kò ní gbé ọ ṣubú. Ilé tí o bá wọ̀ yóò móoru, ọmọ rẹ yóò rákò lórí ilẹ̀ ibẹ̀ láìsí ẹkún. Mo kí yín, Sjur kí yín. Ara rẹ̀ le, má fi ti tẹlifóònù ṣe.

Èmi ni ìyá rẹ, ìyàwó tuntun,
Gudveig.

Mo gbàgbé. Mo ti fi òwú so bírò mọ́ ilẹ̀kùn àpótí bíréékà, kí o má bàa wá a kiri nígbà tí o bá dé.